Fláìwíìlì Tó Fúyẹ́ àti Èyí Tó Wúwo: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wa Mánúà

Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá sọ àpótí jíà kalẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń fojú kan fláìwíìlì ọkọ̀ wọn: àwo irin róbótó kan tó nípọn, tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun ńlá, tí eyín wẹ́wẹ́ tí sítátà ń gé mọ́ yí etí rẹ̀ ká, tí bọ́ọ̀tù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sì dè é mọ́ ẹ̀yìn kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítọ́ọ̀nù ń yí. Ọjọ́ náà gan-an ni ìbéèrè máa ń dìde, nítorí pé sísọ àpótí jíà kalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fẹ́ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Ṣé kí a dá èyí tó wà níbẹ̀ padà ni, àbí kí a ra èyí tó fúyẹ́ kí ọkọ̀ lè máa yára dáhùn, àbí, bí ó bá jẹ́ onípele méjì (àwo méjì tí sípíríǹgì wà láàárín wọn) ni ti ọkọ̀ náà, kí a fi onípele kan tó le gbagidi rọ́pò rẹ̀ nítorí owó? Ẹni tó wà lórí ìbéèrè yìí ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tòmátíìkì kò ní ohun tó ń yàn níbí, nítorí pé àwo pẹlẹbẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà lẹ́yìn kíráńkì tirẹ̀, tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìwúwo.

Kí n tó já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, èrò mi nìyí: ibi tí fláìwíìlì tó fúyẹ́ ti ń fún ni lérè náà ni ó ti ń fìyà jẹni, ìyẹn jíà kìíní, jíà kejì, àti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn lórí ìdúró, láìsí ẹsẹ̀ lórí páádì iná. Ẹni tó bá ń fi jíà méjèèjì yìí sáré yóò rí èrè rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wọ́n rákò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyà rẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Ohun tí irin náà ń ṣe níbẹ̀

Àwọn ìyá àgbà tó ń ranwú ti mọ iṣẹ́ fláìwíìlì kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Amọ̀ róbótó tó wà lára ìrànwú ni fláìwíìlì tiwọn: ìka á ta á lẹ́ẹ̀kan, ìwúwo amọ̀ náà á gba agbára yẹn pamọ́, igi á sì máa yí títí ìka á fi tún dé. Bákan náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ìyípo méjì tí kíráńkì bá yí. Ní gbogbo ìyókù àkókò náà, bí ó ti ń fa afẹ́fẹ́, tí ó ń fún un pọ̀, tí ó sì ń tú èéfín síta, ẹrù ni ó jẹ́ fún kíráńkì, ohun tí fláìwíìlì ti fi pamọ́ ni ó sì ń gbé ẹrù náà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú ayé kí ó lọ dúró ti ẹ́ńjìnnì Lister onísílíńdà kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ìlọ̀. Lister 6/1 ń yí ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 325 péré ni iná sì ń tàn nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú náà, èyí tí etí lè máa kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ irin gìrìwò méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Bí kò bá sí wọn, ẹ́ńjìnnì náà á kú kí iná kejì tó tàn.

Ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́rin kò nílò irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná ń tàn nínú rẹ̀ ní gbogbo ìdajì ìyípo. Ti onísílíńdà mẹ́fà ń tàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìyípo kan, ti V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n ti onísílíńdà mẹ́ta ń dúró di ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyípo kí òmíràn tó tàn. Bí àlàfo àárín iná kan sí èkejì bá ṣe gùn tó ni ìwúwo ṣe wúlò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré onísílíńdà mẹ́ta pé kí ó má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ fláìwíìlì fífúyẹ́ sílẹ̀ rárá.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ: òṣùwọ̀n nìkan kò tó láti fi mọ bí fláìwíìlì ṣe wúwo sí. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń bá jà ni agídí irin náà, ìyẹn bí ó ṣe kọ̀ láti yára àti bí ó ṣe kọ̀ láti dẹwọ́, agídí yìí sì ń tẹ̀lé bí irin ṣe jìnnà sí àárín. Kílógíráàmù kan tó wà ní 13 cm sí àárín ní agídí ìlọ́po mẹ́rin ti kílógíráàmù kan tó wà ní 6.5 cm. Nítorí náà, fláìwíìlì méjì lè jọ wọn 6 kg lórí òṣùwọ̀n kí ọ̀kan sì yára ju èkejì lọ dáadáa, nítorí pé etí ni wọ́n ti gé irin tirẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti yọ irin náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n yọ.

Ìdáhùn ẹ́ńjìnnì: mélòó ni èrè náà?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, nítorí pé ẹnu dùn-ún ròfọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ọkọ̀ kékeré kan ní jíà kìíní 3.5 (ìyẹn ni pé kíráńkì ń yí ní ìgbà 3.5 kí ọ̀pá tó jáde nínú àpótí jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí jíà tó wà nídìí àwọn táyà jẹ́ 4.0, tí àárín táyà sí ilẹ̀ sì jẹ́ 30 cm. Ká ní a yọ 3 kg kúrò lára fláìwíìlì rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí àárín tó 11 cm. Nínú jíà kìíní, ìgbà mẹ́rìnlá (3.5 lọ́nà 4.0) ni kíráńkì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, agídí irin náà sì ń di ìlọ́po mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́rìnlá kí ó tó dé ilẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é parí, ẹ ó rí i pé 3 kg yẹn dà bí ẹni pé a ní kí àgbàlagbà kan tó wọn 79 kg sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Nínú jíà kejì, bí ó bá jẹ́ 1.9, ohun tó sọ̀kalẹ̀ ti di 23 kg, kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Nínú jíà kẹta tó jẹ́ 1.3, ó ti di 11 kg. Nínú jíà karùn-ún tó jẹ́ 0.8, 4 kg péré ni, ìyẹn ìṣu méjì nínú búùtù. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lórí jíà karùn-ún kò lè mọ̀ bóyá wọ́n pààrọ̀ fláìwíìlì òun tàbí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí jíà kò sì wọlé. Bí a bá tẹ iná nígbà náà, kò sí ẹrù mìíràn tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ju ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń han gooro bí ìgbà tí inú ń bí i. Ó dùn létí lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ fláìwíìlì tó fúyẹ́ kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà lé ẹ̀rọ ìwọn-agbára tí táyà ń yí ìlù irin lórí rẹ̀, nọ́ńbà tó jáde lè ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń fi bí ìlù ṣe ń yára mọ agbára, irin tí a yọ kò sì gba tirẹ̀ nínú ìyára náà mọ́. Bí eré bá ti dúró sójú kan, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́.

Ti pípààrọ̀ jíà tún wà níbẹ̀. Fláìwíìlì tó fúyẹ́ ń jẹ́ kí ìyípo ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀ kíá bí a bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá yóò gbádùn èyí, pàápàá bí ó bá ń já jíà wálẹ̀ wọ kọ́nà, nítorí pé títẹ iná fẹ́ẹ́rẹ́ á ti gbé ìyípo dé ibi tí jíà ìsàlẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra yóò rí i pé kí òun tó gbé jíà kejì wọlé, ìyípo ti já kọjá ibi tó yẹ, ọkọ̀ á sì ta gìrì sí gbogbo àwọn tó jókòó sínú rẹ̀.

Ní ti gbígbéra, ìṣirò mìíràn wà tí kò gùn. Bí agídí fláìwíìlì bá dín sí ìdajì, ẹni tó ń gbéra tẹ́lẹ̀ ní ìyípo 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò ní láti gbé e dé nǹkan bí 2,120 kí agbára tó wà nípamọ́ nínú irin náà tó dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá fojú inú wo ara yín lórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, tí ọkọ̀ mẹ́wàá wà níwájú, tí akẹ́rù kan sì ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn tímọ́tímọ́.

Ìgbọ̀nrìrì: kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, nítorí pé orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pe nǹkan mẹ́ta tí wọn kò jọra, tí fláìwíìlì kò sì lè wo gbogbo wọn sàn.

Èkíní ni gbígbọ̀n tó ń wá láti inú ìtanná fúnra rẹ̀: iná tàn, kíráńkì yára, iná kú, kíráńkì dẹwọ́. Èyí ni iṣẹ́ fláìwíìlì gan-an, ibi tí ó sì ti le jù ni orí ìdúró. Fún ìtanná tí agbára rẹ̀ dọ́gba, bí ìyípo bá ti 800 gòkè dé 3,200, bí ìyára kíráńkì ṣe ń yí padà sí àròpin rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí fláìwíìlì rẹ̀ fúyẹ́ fi máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú níbi iná ojú pópó, tí yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ó bá ti bọ́ sí títì márosẹ̀. Mo ti jókòó nínú Golf kan báyìí rí. Dígí inú ọkọ̀ ń gbọ̀n débi pé ojú méjì ni ọkọ̀ ẹ̀yìn wa ní nínú rẹ̀, àwọn kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ idẹ ń lu ara wọn, nígbà tí ẹni tó ni ín sì tan ẹ̀rọ amúlétutù, abẹ́rẹ́ ìyípo já láti 800 sí 500, ẹ́ńjìnnì náà sì kú pátápátá. Ìgbà tí wọ́n gbé ìdúró rẹ̀ sókè dé 950 ni ó tó fara balẹ̀, epo tí ó ń jẹ lórí ìdúró sì lé sí i pẹ̀lú.

Èkejì ni gbígbọ̀n tó ń wá láti inú písítọ́ọ̀nù bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n tò sí ojú ìlà kan, ó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, ó sì ń le sí i bí eré ṣe ń pọ̀. Fláìwíìlì kò lè fọwọ́ kàn án, bí ó ti wù kó wúwo tó. Ọ̀pá méjì tí ń yí ní ìlọ́po méjì ìyára kíráńkì ni ó ń pa á, ọgbọ́n tí Frederick Lanchester ti gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí Mitsubishi sì tún gbé dìde láàárín àwọn ọdún 1970. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé fláìwíìlì tó wúwo yóò mú ariwo eré gíga kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ti àìsàn: síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti ya, púlọ́ọ̀gì tó ti kú, tàbí sílíńdà kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nítorí èyí kò nílò fláìwíìlì, ìtọ́jú ni ó nílò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ àpótí jíà kalẹ̀. Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn.

Ó ku nǹkan méjì tí mo fẹ́ mẹ́nu bà. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1996 ní sẹ́ńsọ̀ kíráńkì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá sílíńdà kan kò tanná, nípa wíwo bí ìyára kíráńkì ṣe ń dẹwọ́. Bí fláìwíìlì bá fúyẹ́ jù, ìyára náà á máa dẹwọ́ ju bí kọ̀ǹpútà ṣe retí lọ, iná ẹ́ńjìnnì sì lè tàn lójú dáṣíbọọ̀dù pẹ̀lú àmì P0300, ìyẹn àmì pé sílíńdà kò tanná dáadáa, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe púlọ́ọ̀gì kankan. Èkejì ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà, bíi V8 Ford 302, tí fláìwíìlì wọn ní ìwúwo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń bá kíráńkì wọ̀n ara wọn. Ẹni tó bá gbé fláìwíìlì mìíràn tí kò ní ìwúwo yẹn síbẹ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra gbígbọ̀n tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Onípele méjì ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mánúà tó wá láti Yúróòpù, títí kan Volkswagen Transporter T5 onídísẹ́ẹ̀lì 1.9, kì í lo àwo kan ṣoṣo. Àwo méjì ni, tí sípíríǹgì gígùn àti gíríìsì wà láàárín wọn, kí ìjì ìtanná dísẹ́ẹ̀lì, tó le ju ti bẹntiróòlù lọ, má baà dé inú àpótí jíà. Ilé-iṣẹ́ LuK ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní 1985. Ó sábà máa ń wúwo ju onípele kan lọ, ó dákẹ́, ó sì wọ́n. Nígbà tí ó bá sì gbó, ó máa ń lu gbọ̀m nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Valeo ń ta àkójọ onípele kan tí ènìyàn lè fi rọ́pò rẹ̀, tí sípíríǹgì rẹ̀ wà lára àwo kílọ́ọ̀ṣì dípò inú fláìwíìlì. Owó rẹ̀ dín, kò sì ní gíríìsì tó lè jò. Ìyà rẹ̀ ni ariwo. Lórí ìdúró, tí jíà kò wọlé, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó gbọ́ àpótí jíà tí ó ń dún bí ẹ̀kùrọ́ tí ọmọdé ń gbọ̀n nínú agolo; ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ariwo yìí fúnra rẹ̀ kò fi hàn pé jíà ti bàjẹ́. Eyín jíà tí kò gbé ẹrù ni ó ń lu ara wọn nítorí pé ìtanná ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí ìdíwọ́. Akérò tó fi ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣòwò lè gbà á mọ́ra, kí owó rẹ̀ sì dúró lápò. Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ ti ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn, kí ó ra onípele méjì mìíràn, kí ó sì má máa fi jíà òkè wọ́ ọ ní ìyípo 1,200, nítorí pé ìwọ́nilẹ̀ yẹn ni ó ń yára pa á.

Ta ni kí ó ra èwo?

Fún danfo, tákísí àti ọkọ̀ ẹbí tó ń jáde lójoojúmọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe ọkọ̀ náà ni kí ẹ dá padà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí gbígbọ̀n, irin púpọ̀ ń gba ooru púpọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ń ṣe ooru tí irin fẹ́lẹ́ kò lè gbé.

Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ bẹntiróòlù onísílíńdà mẹ́rin fún ìgbádùn, tí ó mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì pọ̀ lọ́nà rẹ̀, mo lè gbà á níyànjú pé kí ó dín ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta kù, kí ó sì dúró níbẹ̀. Ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti eré ìdíje ni, níbi tí ẹ́ńjìnnì kì í ti í dúró lórí ìdúró.

Bí ẹ bá sì yàn láti fúyẹ́, ẹ má ṣe gbé fláìwíìlì irin dídà tó wà níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ léètì pé kí ó fá a. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kéré, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti ṣe é. Ní ìyípo 7,000, etí fláìwíìlì tó jẹ́ 14 cm sí àárín ń sáré tó nǹkan bíi 370 km ní wákàtí kan, agbára tó ń fà á ya sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìyípo 3,500. Irin dídà kò fẹ́ràn kí a máa fà á, kì í tẹ̀ kí ó tó ya, bí ó bá sì ya, àpótí kílọ́ọ̀ṣì kò lè dá a dúró, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì wà nítòsí rẹ̀ jù lọ. Èyí tí wọ́n fi irin líle rọ ní odidi ni kí ẹ rà, tàbí ti alumíníọ̀mù tí wọ́n de àwo irin mọ́ ojú rẹ̀ níbi tí kílọ́ọ̀ṣì ń gbá mọ́. Bí ó bá ní àmì SFI 1.1, ìyẹn ìlànà tí àwọn tó ń díje ní Amẹ́ríkà ń lò, ó sàn jù. Bọ́ọ̀tù tuntun ni kí wọ́n fi dè é, kí wọ́n sì wo síìlì ẹ̀yìn kíráńkì nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà ní ìta, nítorí pé ọ́ìlì tó bá ń jò níbẹ̀ yóò ba kílọ́ọ̀ṣì tuntun náà jẹ́.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún mẹkáníìkì, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ẹ tan iná iwájú, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ àti dígí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹ dúró láàárín rẹ̀, kí ẹ gbéra lẹ́ẹ̀mẹta láìtẹ iná ju bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.